Kí ni igbó ń jẹ tí ewé ẹ̀ fi dúdú, tí àgbàdo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ wá ń pọ́n?

Ẹ̀gbọ́n mi kan ní Iléṣà ló fi ìbéèrè yìí ránṣẹ́, mo kàn gé e kúrú díẹ̀ ni: "Bàbá wa fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún wa lọ́nà Ìtagúnmodì. Apá kan ṣì jẹ́ igbó, apá kejì la ṣán ní ọdún kẹta sẹ́yìn, a sun ún, a gbin àgbàdo. Àgbàdo ọdún àkọ́kọ́ yẹn, gbogbo ẹni tó rí i ló kí wa. Ọdún kejì ò burú. Tọdún yìí, kó tó dé orúnkún ló ti ń pọ́n rúsúrúsú láti ìsàlẹ̀. Igbó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ rèé, kò sẹ́ni tó da ajílẹ̀ sí i rí, ewé ẹ̀ ṣì dúdú minimini. Ṣebí ilẹ̀ kan náà ni? Kí ni igbó wá ń jẹ? Ẹnì kan ní ká lọ kó lẹ́búlẹ́bú pákó ní sọ́míì dà síbẹ̀, ẹlòmíì ní yúríà ni. Èwo ni ká ṣe?"

Ẹ̀gbọ́n, ọmọ Ọbòkun, ẹ kú iṣẹ́ oko o. Ilẹ̀ kan náà ni lóòótọ́, ẹ ò purọ́. Ṣùgbọ́n oúnjẹ igbó kì í ṣe nǹkan tó wà ní ìpamọ́ níbì kan tí èèyàn lè gbé igbó kúrò kó wá jogún ẹ̀, yíyípo ló ń yípo. Igbó dà bí ilé tí ò ní àká, ohun tí wọ́n bá sè lónìí ni gbogbo ilé ń jẹ, àjẹkù ẹ̀ ni wọ́n sì tún máa sè lọ́la. Ẹ̀yin ṣán igi, ẹ sun ewé, ẹ kó àgbàdo lọ sílé àti sọ́jà, yíyípo yẹn wá dúró. Oúnjẹ tí mò ń sọ yìí, olórí ẹ̀ ni náítírójìn, ohun tí ewé ìsàlẹ̀ àgbàdo yín sì ń pariwo ẹ̀ nìyẹn.

Náítírójìn ló wà nínú pùròtéènì ẹ̀wà àti ẹran tí à ń jẹ, òun náà ló wà nínú nǹkan tó ń mú ewé dúdú. Tí kò bá tó, ewéko ò ní kú lójú ẹsẹ̀, á kàn dúró sójú kan, á máa pọ́n. Ohun tó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu ni pé afẹ́fẹ́ tí à ń mí sínú yìí, nínú 100 ẹ̀, 78 ló jẹ́ náítírójìn, àgbàdo yín sì wà nínú ẹ̀ tọ̀sán tòru, kò lè mú ẹyọ kan nínú ẹ̀. Ìdí ni pé náítírójìn inú afẹ́fẹ́, méjì-méjì ni wọ́n ń rìn, ìdè mẹ́ta ló sì so wọ́n pọ̀, kò séwéko tó lè dá a tú. Mọ̀nàmọ́ná lè tú u, kí òjò sì gbé e wálẹ̀, ṣùgbọ́n kílò mélòó kan péré nìyẹn ń mú wá sórí hẹ́kítà kan lọ́dún. Ní Jámánì, onímọ̀ kẹ́mísírì kan, Fritz Haber, rí ọ̀nà tí èèyàn lè fi tú u ní 1909, Carl Bosch sọ ọ́ di iṣẹ́ fákìtìrì, tí ti Oppau sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1913, pẹ̀lú iná tó ju ìwọ̀n 400 lọ lórí sẹ́ńtígíréètì àti agbára ìtẹ̀ tó pọ̀ gan-an. Ibẹ̀ ni ajílẹ̀ yúríà inú àpò ti wá. Àwọn bakitéríà kan wà tó ń ṣe iṣẹ́ yìí kan náà láìdáná rárá, nínú ilẹ̀ tútù, lábẹ́ igi yín níbẹ̀ yẹn.

Ẹ wọnú igbó yẹn lọ lọ́jọ́ kan tí òjò ti rọ̀, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ fi ọwọ́ ká ewé ilẹ̀ ní ìpele-ìpele. Èyí tó wà lókè pátápátá ṣì jẹ́ odindi, ẹ máa dá a mọ̀ pé ewé arère ni tàbí ewé ìrókò. Èyí tó wà lábẹ́ ẹ̀ ti lu, ọ̀kùn àti ikán ti jẹ ẹ́. Èyí tó tún wà lábẹ́ ìyẹn, iṣan ewé nìkan ló kù, fọ́nrán funfun tíẹ́ntíẹ́n sì ti bò ó, ara olú ni fọ́nrán yẹn, olú tí à ń já jẹ yẹn kàn jẹ́ ibi tó yọ sí ìta ni. Lẹ́yìn ẹ̀ lẹ máa kan ilẹ̀dú, ẹ ó sì rí i pé gbòǹgbò wẹ́wẹ́ ti kún inú ẹ̀ bámúbámú, àwọn kan tilẹ̀ ti gòkè wá wọnú ewé tó ń jẹrà, wọn ò dúró de kó di èèpẹ̀. Ìgbẹ́ ekòló máa wà níbẹ̀ náà, tó dúró gbọọrọ lórí ilẹ̀, náítírójìn tó wà nínú ẹ̀ pọ̀ ju ti èèpẹ̀ tó yí i ká lọ. Àwọn tó kéré jù níbẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù, ó sì máa ń dùn mí pé a máa ń tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀ kọjá láìwò.

Iye ewé àti ẹ̀ka wẹ́wẹ́ tó ń já bọ́ nínú igbó ilẹ̀ olóoru bíi tiwa lè tó tọ́ọ̀nù 10 lórí hẹ́kítà kan lọ́dún, náítírójìn tó wà nínú ẹ̀ sì lè ju 100 kílò lọ. Ìyẹn lẹ́yìn tí igi ti kọ́kọ́ mú tiẹ̀ o, torí kí igi tó jẹ́ kí ewé já, ó máa ń fa tó nǹkan bí ìdajì náítírójìn inú ewé náà padà sára, ìdí nìyẹn tí ewé fi máa ń pọ́n kó tó já. (Ewé ìsàlẹ̀ àgbàdo yín, ohun kan náà ló ń ṣe, màá padà síbẹ̀.) Ewé tó bá ti balẹ̀, bakitéríà àti olú á tú pùròtéènì inú ẹ̀ sí amóníọ̀mù, ìrísí kan tí náítírójìn máa ń gbà wà nínú ilẹ̀. Bakitéríà mìíràn á gbà á lọ́wọ́ wọn, á sọ ọ́ di náítíréètì, ìrísí kejì, iṣẹ́ yẹn ni onímọ̀ bakitéríà kan, Sergei Winogradsky, tọpa ẹ̀ dé ìdí ní nǹkan bí 1890. Gbòǹgbò lè mu amóníọ̀mù, ó lè mu náítíréètì, ó sì ti wà níbẹ̀ tó ń dúró. Ohun tó bá bọ́ lọ́wọ́ gbòǹgbò òkè, gbòǹgbò ìsàlẹ̀ á gbà á. Nǹkan díẹ̀ ló ń ṣòfò.

Díẹ̀ tó bá sì ṣòfò, igbó ní ẹni tó ń dí i. Ẹ wò ó bóyá ẹ máa rí àyùnrẹ́ níbẹ̀, àwọn àgbà àgbẹ̀ mọ igi yìí dáadáa, wọn kì í fẹ́ gé e lóko. Gbòǹgbò ẹ̀ ní àwọn kókó kéékèèké, inú kókó yẹn ni bakitéríà tó ń tú náítírójìn afẹ́fẹ́ ń gbé, igi ń fún wọn ní ṣúgà, àwọn náà ń fún igi ní náítírójìn. Ẹ̀wà àti ẹ̀pà ń ṣe bẹ́ẹ̀ náà, Hellriegel àti Wilfarth, àwọn ará Jámánì, ló fi ìdí ẹ̀ múlẹ̀ ní 1886 sí 1888, Beijerinck, ará Netherlands, sì ya bakitéríà náà sọ́tọ̀ ní 1888. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo igi tó ń so pódi ló ń ṣe é o, igi apá fún àpẹẹrẹ, ìdílé kan náà ni òun àti àyùnrẹ́, síbẹ̀ kò ní kókó lára gbòǹgbò, olú abẹ́ ilẹ̀ lòun bá ṣe àdéhùn.

Ẹ lè wá sọ pé ṣé kò sí náítírójìn kankan nínú ilẹ̀ fúnra ẹ̀ ni? Ó wà, ó tiẹ̀ pọ̀. Ilẹ̀ òkè, sẹ̀ǹtímítà 15 àkọ́kọ́, lórí hẹ́kítà kan wọ̀n tó nǹkan bíi 2,000 tọ́ọ̀nù. Tí náítírójìn inú ẹ̀ bá jẹ́ 0.2 nínú 100, ìyẹn ti tó 4,000 kílò. Àmọ́ gbogbo ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ wà nínú ilẹ̀dú, kò tíì jinná, gbòǹgbò ò lè jẹ ẹ́. Bíi 2 tàbí 3 nínú 100 ẹ̀ ló ń tú sílẹ̀ lọ́dún, ìyẹn kílò 80 sí 120. Nígbà tí ẹ ṣán igbó tí oòrùn wá ń pa ilẹ̀ lójúkojú, tí ẹ fi ọkọ́ dojú ilẹ̀ bolẹ̀, àwọn bakitéríà sáré ju bí wọ́n ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀ lọ, wọ́n tú púpọ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àgbàdo sì gbé e mì. Ohun tí igbó kó jọ fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àgbàdo ọdún àkọ́kọ́ yín jẹ, kò sì sí ewé tuntun tó ń já láti fi dípò ẹ̀.

Iná ńkọ́? Ọ̀rọ̀ iná yìí máa ń tan ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ jẹ, torí pé eérú ṣiṣẹ́ lójú wọn. Òótọ́ ni pé eérú dára, pòtáṣíọ̀mù, kálísíọ̀mù àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì wà nínú ẹ̀, ó sì máa ń dín kíkan ilẹ̀ kù, ilẹ̀ á rọ̀ fún bakitéríà láti ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n náítírójìn kì í dúró nínú iná. Tí ooru bá ti ń lọ sí ìwọ̀n 200 lórí sẹ́ńtígíréètì ló ti ń bá èéfín lọ, iná oko sì gbóná ju ìyẹn lọ fíìfíì. Èéfín tí ẹ rí lọ́jọ́ yẹn, ajílẹ̀ yín ló ń gòkè lọ sójú ọ̀run.

Èyí tó kù, òjò mú nínú ẹ̀. Amọ̀ máa ń di amóníọ̀mù mú, àmọ́ náítíréètì kò ní ẹni tó dì í mú, ibi tí omi bá lọ ló ń bá a lọ, tó bá ti kọjá ibi tí gbòǹgbò àgbàdo dé, ó ti lọ nìyẹn. Ilẹ̀ Ìtagúnmodì, ilẹ̀ pupa alámọ̀ ni, òkúta dúdú tí irin pọ̀ nínú ẹ̀ ló ti wá, ó ń di omi mú ju ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ìhà Ifẹ̀ lọ, níbi tí yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ ti pọ̀, nítorí náà ẹ tiẹ̀ rí ọdún méjì jẹ. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ amọ̀ náà ní tiẹ̀: tí omi bá dúró lórí ẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, tí afẹ́fẹ́ ò wọlé mọ́, àwọn bakitéríà kan á máa fa ọ́síjìn inú náítíréètì mí, náítírójìn á tún padà sínú afẹ́fẹ́, apá kan á sì lọ gẹ́gẹ́ bíi gáàsì kan tí agbára ẹ̀ láti mú ayé gbóná tó ìlọ́po 273 ti kábọ́ńdáíọ́sáìdì, kílò sí kílò, láàárín 100 ọdún.

Òjò tún ní oore kan tó máa ń ṣe, ọ̀pọ̀ èèyàn ò sì mọ̀. Tí ilẹ̀ bá ti gbẹ gan-an lọ́gbẹlẹ̀, òjò àkọ́rọ̀ tó bá kọ́kọ́ bà á, àwọn bakitéríà tó kù á jí, wọ́n á jẹ òkú àwọn tó ti kú àti ohun tí gbígbẹ ti tú sílẹ̀, náítíréètì á wá pọ̀ lójijì fún ọjọ́ díẹ̀. Onímọ̀ ilẹ̀ kan, H. F. Birch, kọ nípa ẹ̀ láti Kẹ́ńyà ní 1958, àmọ́ àwọn bàbá wa tó ń gbin àgbàdo ní kété tí àkọ́rọ̀ bá ti dúró dáadáa, àwọn náà ti ń jẹ èrè ẹ̀ tipẹ́. Ẹni tó bá fi gbígbìn falẹ̀ di ìgbà tí òjò ń dà wìì-wìì, oúnjẹ yẹn ti ṣàn lọ kí gbòǹgbò tiẹ̀ tó yọ.

Ó yá, ẹ padà síbi àgbàdo yín ká rí i dájú pé náítírójìn ni. Ẹ mú ewé ìsàlẹ̀ kan dání. Tó bá jẹ́ náítírójìn, pípọ́n á bẹ̀rẹ̀ láti ṣóńṣó ewé, á gba àárín wọlé lọ sí ìdí bíi lẹ́tà V, etí ewé méjèèjì á ṣì tutù. Ewé òkè á ṣì dáa díẹ̀ torí àgbàdo ń fa ti ìsàlẹ̀ lọ sókè, bí igi ṣe ń fa ti ewé tó fẹ́ já. Tó bá jẹ́ etí ewé ló ń gbẹ tí àárín tutù, pòtáṣíọ̀mù nìyẹn. Tí àwọ̀ àlùkò bá wà lára ewé àgbàdo kékeré, ẹ fura sí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì. Tó bá sì jẹ́ ilà funfun wẹ́wẹ́ tó já-n-já ló gùn ún láti ìdí dé orí, àrùn ni, kò sí ajílẹ̀ tó máa wò ó. Bí ẹ ṣe ṣàlàyé ẹ̀ yìí, láti ìsàlẹ̀ tó sì ń gòkè, náítírójìn ni mo fura sí jù.

Lẹ́búlẹ́bú pákó ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dà á sí i. Ẹni tó gbà yín nímọ̀ràn fẹ́ ire fún yín, ó rí i pé ohun tó ń jẹrà ló ń bọ́ igbó, ìyẹn sì jóòótọ́. Àmọ́ ohun tó ń jẹrà ju ara wọn lọ. Bakitéríà tó fẹ́ jẹ pákó nílò náítírójìn láti fi kọ́ ara tiẹ̀, pákó ò sì ní in, kábọ̀ọ̀nù inú ẹ̀ máa ń tó ìlọ́po ọgọ́rùn-ún mélòó kan náítírójìn ẹ̀. Kí ni bakitéríà á ṣe? Á yíjú sí èyí tó wà nínú èèpẹ̀, á gbà á mọ́ àgbàdo lọ́wọ́, àgbàdo tó ti ń pọ́n tẹ́lẹ̀ á wá funfun. Tí kábọ̀ọ̀nù bá ti ju ìlọ́po 25 náítírójìn lọ, nǹkan bí ìyẹn ló máa ń ṣẹlẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kódà pòròpórò àgbàdo gan-an ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ewé ẹ̀wà, ewé àgúnmánìyè, wọn ò tó 25, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sanra fún ilẹ̀ kíákíá. Tí ẹ bá ti kó lẹ́búlẹ́bú yẹn wá tẹ́lẹ̀, ẹ pò ó mọ́ ìgbẹ́ adìyẹ, ẹ bò ó, ẹ máa rin ín kí ẹ sì máa yí i, kó wà níbẹ̀ fún oṣù mélòó kan títí á fi dúdú tí ooru ẹ̀ á lọ, ìgbà yẹn ló di ajílẹ̀.

Yúríà á ran tọdún yìí lọ́wọ́, mi ò ní parọ́ fún yín nítorí pé mo fẹ́ràn igbó. Náítírójìn inú ẹ̀ jẹ́ 46 nínú 100, ìyẹn ni pé àpò kílò 50 ní kílò 23. Ẹ fi wé e: àgbàdo gbígbẹ tọ́ọ̀nù kan ń kó bíi kílò 15 náítírójìn kúrò lóko, ká má tíì ka pòròpórò. Bí ẹ ṣe máa lò ó ló ṣe kókó. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fọ́n ọn sílẹ̀ lásán, oòrùn á pa á, á di amóníà, òórùn kan náà tó máa ń ta síni nímú nínú ilé adìyẹ nìyẹn, owó yín ló sì ń fò lọ. Ẹ gbẹ́ ihò kékeré, bíi sẹ̀ǹtímítà 5, sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí àgbàdo, kó má fara kan igi ẹ̀, kí ẹ dà á sí i, kí ẹ fi èèpẹ̀ bò ó, nígbà tí ilẹ̀ tutù ṣùgbọ́n tí òjò ńlá ò ṣú. Ẹ pín in sí méjì, ẹ má dà gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ohun tí mi ò fẹ́ ni kó di pé òun nìkan ni ẹ gbára lé lọ́dọọdún, torí bí bakitéríà ṣe ń sọ ọ́ di náítíréètì ló ń mú ilẹ̀ kan sí i, kò sì fi ewé kankan sílẹ̀ fún ekòló.

Láti ọdún tó ń bọ̀, iṣẹ́ gidi ni kí yíyípo yẹn tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ má sun nǹkan kan mọ́ nínú oko yẹn. Pòròpórò, ewé, koríko, ẹ tò wọ́n sáàárín ebè kí wọ́n jẹrà níbẹ̀. Lẹ́yìn àgbàdo àkọ́rọ̀, ẹ gbin ẹ̀wà, nígbà tó bá ń tanná kí ẹ hú ìdí kan pẹ̀lẹ́, kí ẹ fi èékánná bẹ kókó gbòǹgbò ẹ̀ sí méjì. Tí inú ẹ̀ bá pupa rẹ́súrẹ́sú, ó ń ṣiṣẹ́. Tó bá funfun tàbí tó bá jọ ewé tútù, kò ṣe nǹkan kan fún yín. Tí ẹ bá sì já ẹ̀wà tán, ẹ fi ìtàkùn àti gbòǹgbò sílẹ̀ lóko, torí púpọ̀ nínú náítírójìn ti bá ẹ̀wà lọ, ẹni tó bá tún kó ìtàkùn fún ewúrẹ́ láìdá ìgbẹ́ ewúrẹ́ padà, ó lè fi ilẹ̀ sílẹ̀ tòṣì ju bó ṣe bá a lọ.

Àgúnmánìyè náà wà. Àwọn IITA, ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ilẹ̀ olóoru tó wà ní Ìbàdàn, bẹ̀rẹ̀ sí í gbìn ín ní ìlà-ìlà sáàárín àgbàdo láàárín àwọn ọdún 1970 sí 1980, wọ́n ń gé e, wọ́n ń tẹ́ ewé ẹ̀ sílẹ̀ nígbà yẹn. Ó ṣiṣẹ́ fún ilẹ̀, àmọ́ gígé yẹn gba agbára, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ló sì pa á tì nítorí ẹ̀. Èrò tèmi ni pé kí ẹ gbìn ín yí oko ká, kí ẹ sì fi ṣe igi tí iṣu á máa gùn, kí ẹ máa gé ewé ẹ̀ bí agbára bá ṣe mọ. Ewéko olódòdó yẹ́lò tó kún ẹ̀gbẹ́ títì láti Ifẹ̀ dé Iléṣà, jogbo tí àwọn kan ń pè é, kì í mú náítírójìn afẹ́fẹ́ o, àmọ́ ó mọ bí wọ́n ṣe ń wá a jọ látinú ilẹ̀, náítírójìn inú ewé gbígbẹ ẹ̀ máa ń tó 3 nínú 100. Ẹ gé e kó tó so, ẹ tẹ́ ẹ sí ìdí àgbàdo, ọ̀fẹ́ ni. Ewé Akíntọ́lá náà, ẹ má ka ilẹ̀ tó bá bò mọ́lẹ̀ sí ilẹ̀ tó bàjẹ́, ó ń bo ilẹ̀, ó ń já ewé, ó ń tún un ṣe fún yín. Ẹ dá oko yẹn sí méjì tàbí mẹ́ta, kí apá kan máa sinmi nígbà tí ẹ bá ń gbin apá kejì.

Igbó tó kù yẹn, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣán an. Mo mọ̀ pé nǹkan tó máa ń wá síni lọ́kàn nìyẹn tí èyí tí a ṣán bá ti ṣá, ṣùgbọ́n ọdún méjì náà ló máa fún yín, lẹ́yìn náà kò ní sí ibì kan tí ekòló, olú àti irúgbìn àyùnrẹ́ á ti máa wọnú oko yín padà mọ́. Ẹ má sì jẹ́ kí àwọn tó ń wa góòlù káàkiri àgbègbè yín tàn yín wọ̀ ọ́. Tí wọ́n bá ti gbé ilẹ̀ ìsàlẹ̀ sókè tí ilẹ̀dú wá bọ́ sí ìsàlẹ̀ ihò, kì í ṣe ọ̀rọ̀ yúríà mọ́, ọmọ ọmọ yín ló máa dúró de ilẹ̀ yẹn.

Tí ẹ bá ti bo yúríà yẹn mọ́lẹ̀ dáadáa, ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ewé tuntun tó bá yọ gbọ́dọ̀ dúdú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ewé ìsàlẹ̀ tó ti gbẹ ò ní padà, ẹ má dúró dè é. Tó bá jẹ́ pé ewé tuntun òkè gan-an ló tún ń pọ́n, kì í ṣe náítírójìn ló kù díẹ̀ káàtó, ó lè jẹ́ sọ́lífọ̀ tàbí irin, ẹ má tún ra àpò kejì. Ẹ bu èèpẹ̀ díẹ̀ níbi mẹ́wàá nínú oko, sẹ̀ǹtímítà 15 sísàlẹ̀, ẹ pò ó pọ̀ nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tí ajílẹ̀ ò wọ̀ rí, ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ méjì nínú ẹ̀ sínú láílọ́ọ̀nù, ẹ sá a níbòòji, kí ẹ gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń yẹ ilẹ̀ wò kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ mìíràn.